Bí ilé iṣẹ́ tó kọ sọfitíwíà yín bá kógbá sílé

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọmọ ẹgbẹ́ tó lé ní 1,800. Láti ọdún 2019 ni sọfitíwíà kan ti ń bá wa ṣírò owó àdápamọ́, ẹ̀yáwó àti èlé. Àwọn ọ̀dọ́ méjì kan ní Ìkẹjà ló kọ ọ́. Ọ̀kan ti lọ sí Kánádà, èkejì kì í sábà gbé fóònù mọ́. Lọ́yà wa ní ká béèrè fún ohun tí wọ́n ń pè ní source code escrow, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ náà ní àwọn ò lè kó òógùn ojú àwọn fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ó tọ́ sí wàhálà rẹ̀? Báwo la sì ṣe máa ṣe é? (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, ẹ kú àmójútó owó olówó. Ó tọ́ sí wàhálà rẹ̀ dáadáa, bí ẹ bá ṣe é dójú àmì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń rí gbà lórúkọ escrow ni ìwé àdéhùn tó ní òǹtẹ̀, pẹ̀lú fílaàṣì kan nínú àpòòwé tí ẹnikẹ́ni ò ṣí wò rí. Ọjọ́ tí ọ̀ràn bá dé ni wọ́n máa ṣí i, tí wọ́n á rí i pé ìdajì ni wọ́n kó síbẹ̀, tàbí pé ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kẹ́ ẹ fi wọn gbogbo ètò yìí: ṣé onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò mọ àwọn ọ̀dọ́ yìí rí lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí kò ní nǹkan kan nínú, kó lo ohun tó wà nípamọ́ nìkan, kó sì gbé sọfitíwíà yín dìde láìpe ẹnikẹ́ni lórí fóònù?

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé àwọn ìgbìmọ̀ yín, ẹ fi gàrí ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Sọfitíwíà tí ẹ ń ṣí láràárọ̀ dà bíi gàrí. Gàrí ń yó èèyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbin gàrí kó hù. Bó bá tán, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní igi ẹ̀gẹ́ lóko lẹ máa padà sí. Source code ni igi ẹ̀gẹ́ náà: ohun tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí wọ́n ti inú rẹ̀ ṣe sọfitíwíà, tí wọ́n sì lè tún un ṣe bí àṣìṣe bá yọjú tàbí tí ẹgbẹ́ bá yí iye èlé padà. Escrow túmọ̀ sí pé kí a kó igi ẹ̀gẹ́ náà fún ẹni kẹta pamọ́, ká máa pè é ní alágbàpamọ́, pẹ̀lú àdéhùn tó sọ irú ọjọ́ tí yóò kó o fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ti wà lọ́wọ́ yín ná. Bó bá jẹ́ pé orí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé sọfitíwíà fún gbogbo yín) tó wà ní ọ́fíìsì yín ni sọfitíwíà náà wà, tó sì jẹ́ PHP, ọ̀kan lára àwọn èdè kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí àwọn fáìlì rẹ̀. Bó bá ń kà á bí ọ̀rọ̀ geere, púpọ̀ nínú source code ti wà nínú ilé yín, àṣẹ láti tún un ṣe ló kù. Bó bá rí kìkì lẹ́tà játijàti tí orúkọ ionCube wà lókè rẹ̀, wọ́n ti dì í pa nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ fáìlì .exe àti .dll, gàrí ni, kì í ṣe igi ẹ̀gẹ́.

Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kẹ́ ẹ tó bá àwọn ọ̀dọ́ náà sọ̀rọ̀ escrow rárá ni àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Escrow ò gba àkọsílẹ̀ là. Bí sáfà bá jóná lálẹ́ òní, source code tó wà lọ́dọ̀ alágbàpamọ́ máa fún yín ní sọfitíwíà tuntun tí kò mọ orúkọ ẹnì kankan. Nítorí náà, kí ẹ̀dà dátàbéèsì, ibi tí sọfitíwíà ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ sí, jáde lójoojúmọ́, kí ọ̀kan máa kúrò nínú ilé náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ irú dátàbéèsì tí wọ́n ń pè ní MySQL ni, ẹ kíyè sí i pé mysqldump lásán, àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kì í kó àwọn ìṣirò tí wọ́n kọ sínú dátàbéèsì fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní --routines àti --events lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé inú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni èlé yín wà, ẹ̀dà tí ẹ ti ń ṣe láti 2019 lè má ní i nínú. Ẹ gbé ẹ̀dà kan dìde lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ mú ogún ọmọ ẹgbẹ́, kí akápò fi owó wọn wé káàdì tó wà lọ́wọ́ wọn, kọ́bọ̀ sí kọ́bọ̀. Kí ẹ sì ní ẹ̀dà tí Excel lè ṣí, tó ní gbèsè tó kù lọ́rùn oníkálukú àti orúkọ àwọn onídùúró. Bí gbogbo nǹkan bá wó, ìyẹn lẹ máa fi ṣí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé.

Àwọn àkáǹtì ńkọ́? Orúkọ ìkànnì yín, àkáǹtì tó ń fi SMS ránṣẹ́, èyí tó ń gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àkáǹtì Google Play bí ẹ bá ní áàpù: ẹ wádìí orúkọ àti ímeèlì tí wọ́n fi ṣí ìkọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ti ọmọ tó wà ní Kánádà, ẹ gbà á padà sórúkọ ẹgbẹ́ lóṣù yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá jẹ́ pé orí sáfà tí wọ́n yá lókè òkun ni sọfitíwíà wà. Lọ́jọ́ tí káàdì báńkì wọn bá kọ̀ láti san owó oṣù, sáfà á kú, escrow ò sì lè jí i. Ẹgbẹ́ ni kó ṣí àkáǹtì náà, kí wọ́n máa wọlé bí òṣìṣẹ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ òógùn ojú. Ẹ má bá wọn jà, òtítọ́ wà níbẹ̀. Lábẹ́ Copyright Act 2022 ti Nàìjíríà, iṣẹ́ ọpọlọ ni ètò kọ̀ǹpútà, owó tí ẹ san láti fi kọ ọ́ nìkan ò sì sọ ọ́ di tiyín bí kò bá sí ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò béèrè láti ni ín. Ohun tí ẹ ń béèrè ni pé kí ó wà níbi tí ẹ̀yin náà ò ti lè fọwọ́ kàn án, àfi bí wọ́n bá fi yín sílẹ̀. Ẹ fi kún un pé ẹ̀dà kan lè gbe oníbàárà púpọ̀: bí wọ́n bá ní ẹgbẹ́ mìíràn ní Ṣágámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ tó ń lo sọfitíwíà kan náà, orúkọ yẹn lè wọ inú àdéhùn kan náà, ó sì máa bá wọn ta ọjà fún àwọn tó ń bẹ̀rù ilé iṣẹ́ kékeré. Kí ẹgbẹ́ yín gbà láti san owó alágbàpamọ́ àti ti àyẹ̀wò. Àríyànjiyàn sábà máa ń rọlẹ̀ níbẹ̀.

Ta ló yẹ kó gbà á pamọ́? Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe é bí iṣẹ́ wà lókè òkun, bí Escode ní Ìlú Ọba, owó òkèèrè ni wọ́n sì ń gbà lọ́dọọdún. Fún báńkì, ó bá a mu. Fún ẹgbẹ́ tó ní 1,800 èèyàn, ìdájọ́ mi ni pé kẹ́ ẹ pín iṣẹ́ náà sí méjì: lọ́yà tí kì í ṣe tiyín, tí kì í sì í ṣe tiwọn, ni kó gbà á pamọ́, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó dá dúró ni kó máa yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí lọ́yà mọ òfin, kò lè mọ̀ bóyá kóòdù pé. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọmọ regbẹ́rẹgbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) alága yín, kì í ṣe àbúrò akápò. Níbi tí a ti jọ ń dá aṣọ fún Ojúde Ọba, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ lálẹ́, yóò sì ṣòro fún un láti sọ pé rárá.

Kí ohun ìpamọ́ wà lórí háàdì dísìkì méjì tí wọ́n fi pásíwọ́ọ̀dù dì, ọ̀kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan ní ìlú mìíràn. Fílaàṣì ò dára fún èyí: bó bá pẹ́ láìrí iná, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè parẹ́. Pásíwọ́ọ̀dù náà ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ alágbàpamọ́ nìkan. Kí ìdajì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ìdajì kejì wà nínú àpòòwé tí wọ́n fi èdìdì dì nínú séèfù ẹgbẹ́. Ẹ ṣírò SHA-256 fáìlì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tí kọ̀ǹpútà ń ti inú fáìlì ṣírò bí àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí iye náà wà nínú rìsíìtì tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí. Kí alágbàpamọ́ tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, fáìlì ti bàjẹ́ tàbí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù ni ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀, torí níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti máa ń bàjẹ́. Kóòdù nìkan ò tó. Kí wọ́n fi git bundle (àṣẹ tó ń kó kóòdù àti gbogbo àyípadà rẹ̀ sínú fáìlì kan) kó gbogbo ìtàn kóòdù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe fódà tí wọ́n sún pọ̀ sí zip. Kí àwọn ohun èlò tí wọ́n yá lò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, fódà vendor àti fáìlì composer.lock bó bá jẹ́ PHP, nítorí ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí lè má sí lọ́dún tó ń bọ̀, pàápàá èyí tí wọ́n tọ́jú sórí GitHub ara wọn. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀yà (version) PHP, ti MySQL àti ti sáfà gan-an sílẹ̀, kì í ṣe "èyí tuntun". Bó bá jẹ́ Laravel, ohun èlò kan tí wọ́n fi ń kọ PHP, ni wọ́n lò, fáìlì .env, ibi tí àwọn ètò àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, ṣe pàtàkì ju bó ṣe kéré lọ: APP_KEY tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ti àkọsílẹ̀ bíi BVN pa. Bí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá sọnù, sọfitíwíà á ṣí, owó á pé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò lè ka BVN kankan mọ́.

Ẹ béèrè pàápàá fún cron, àwọn iṣẹ́ tí sáfà ń ṣe fúnra rẹ̀ lóru. Èyí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, òun ló sì léwu jù, torí kì í ké. Wọ́n á gbé sọfitíwíà dìde, gbogbo nǹkan á dára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí oṣù á fi parí tí èlé ò ní wọlé sórí ẹ̀yáwó ẹnikẹ́ni, nítorí iṣẹ́ òru yẹn ni wọn ò tún gbé kalẹ̀. Aago tún wà ńbẹ̀. Bí sáfà tuntun bá ń lo UTC (aago àjùmọ̀lò àgbáyé) dípò aago Èkó, wákàtí kan ló fi rẹ̀yìn: owó tí wọ́n san ní aago méjìlá ààbọ̀ òru ọjọ́ kìíní oṣù máa bọ́ sínú oṣù tó kọjá. Bí sọfitíwíà náà bá sì ní àṣẹ tó ń béèrè lọ́wọ́ sáfà àwọn tó kọ ọ́ bóyá ẹ ti sanwó ọdún, kọ́kọ́rọ́ tó ń tú àṣẹ yẹn gbọ́dọ̀ wà nípamọ́. Bí ilé iṣẹ́ wọn bá kú, sáfà yẹn ò ní dáhùn, sọfitíwíà á sì ti ara rẹ̀ pa.

Kí ìlànà ìṣirò wà ní kíkọ, pẹ̀lú èèyàn ayédèrú mẹ́wàá tí a ti mọ ìdáhùn wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó bí èyí: ẹ̀yáwó ₦500,000 fún oṣù 12, èlé 10% lọ́dún. Bó bá jẹ́ orí gbogbo owó ni èlé ń hù sí látòkè délẹ̀, ₦50,000 ni èlé. Bó bá jẹ́ orí ohun tó kù, tí wọ́n ń san owó orí ní dọ́gbadọ́gba lóṣooṣù, ₦27,083 ni. Ẹni tuntun tí kò rí ìlànà yín lè yan èyí tí kò tọ́, ìgbà ìpàdé ọdọọdún lẹ sì máa mọ̀. Àwọn èèyàn ayédèrú ni mo wí: orúkọ, BVN àti fóònù ọmọ ẹgbẹ́ gidi ò gbọdọ̀ wọ inú ohun ìpamọ́. Lábẹ́ Nigeria Data Protection Act 2023, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn bó bá jò, wákàtí 72 péré lẹ sì ní láti sọ fún ìjọba bí jíjò náà bá lè pa àwọn èèyàn lára.

Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó dá dúró á fọwọ́ sí ìwé àṣírí, á sì gba kọ̀ǹpútà òfìfo. Ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ náà lè jókòó tì í, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo ìbéèrè tí onímọ̀ náà bá fẹ́ bi í, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun kan tí ó ṣẹ́ kù nínú ohun ìpamọ́. Kó gbé sọfitíwíà dìde, kó ti ọjọ́ kọ̀ǹpútà síwájú kọjá ìparí oṣù, kó wò bóyá èlé àwọn mẹ́wàá yẹn bá ohun tí a kọ mu. Kí ọkàn yín má rẹ̀wẹ̀sì bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀kíní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan. Wọ́n á fi ohun tó kù kún un, wọ́n á tún ṣe é. Ìgbà tó bá yege nìkan ni kí alágbàpamọ́ kọ rìsíìtì, kí ẹ sì fi ìdá kan nínú owó ìtọ́jú ọdọọdún wọn sọ́wọ́ títí rìsíìtì á fi dé. Ẹ̀dà tuntun gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n bá ti yí nǹkan padà nínú sọfitíwíà, tàbí lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí nọ́ńbà rẹ̀ bá èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yín mu. Àyẹ̀wò kíkún lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tó.

Nínú ìwé àdéhùn, ibi tí mo fẹ́ kí lọ́yà yín fara balẹ̀ sí ni ìgbà tí alágbàpamọ́ máa kó o fún yín. Àwọn ìwé tí wọ́n ń dà kọ láti òkè òkun máa ń sọ pé "bí ilé iṣẹ́ bá wọ gbèsè tí kóòtù sì tú u ká". Níbí, ilé iṣẹ́ kékeré kì í kú báyẹn. Fóònù ló máa ń kú, wọ́n á ti ọ́fíìsì, olówó ilé á gbé e fún ẹlòmíràn, kóòtù ò ní gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ kọ ohun tí ojú lè rí: pé ẹ kọ lẹ́tà àti ímeèlì nípa àṣìṣe tó dá iṣẹ́ dúró, ọjọ́ 14 kọjá, wọn ò tún un ṣe; pé wọ́n kọ̀wé pé àwọn ò ṣe ìtọ́jú mọ́; pé wọ́n ta sọfitíwíà náà fún ẹni tó kọ̀ láti tẹ̀ lé àdéhùn yìí; pé orúkọ ilé iṣẹ́ wọn lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ti di "inactive", tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ti CAC yìí nìkan ò tó, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó wà láàyè ló ń gbàgbé láti fi ìwé ọdún ránṣẹ́. Kó bá òmíràn rìn.

Ọ̀nà ìtúsílẹ̀ gbọ́dọ̀ yára. Ẹgbẹ́ búra sí ìwé ní kóòtù gíga Ìjẹ̀bú-Òde pé ohun tí a kọ ti ṣẹlẹ̀. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì, alágbàpamọ́ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá láti fèsì. Bí wọn ò bá fèsì, ó kó o jáde. Bí wọ́n bá jiyàn, kí ó lọ sọ́dọ̀ onílàjà kan ṣoṣo tó ní àṣẹ láti dájọ́ (arbitrator) lábẹ́ Arbitration and Mediation Act 2023, kì í ṣe kóòtù tí ẹjọ́ lè lo ọdún mélòó kan.

Àṣẹ lílò wá ni gbólóhùn tó ṣe kókó jù. Kí ó má sọ pé wọ́n "máa fún" yín láṣẹ lọ́jọ́ yẹn. Kí ó sọ pé wọ́n ti fún yín láṣẹ láti òní, àmọ́ ẹ ò ní lò ó àfi bí wọ́n bá tú u sílẹ̀. Ẹni tí kò sí mọ́ ò lè fúnni láṣẹ lọ́la. Kí àṣẹ náà gbà yín láàyè láti tún un ṣe àti láti háyà ẹlòmíràn bá yín ṣe é, fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ yín nìkan, láìtà á. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, pàápàá èyí tó wà ní Kánádà, torí bí òun ló kọ ìdajì kóòdù tí kò sì sí ìwé tó gbé e fún ilé iṣẹ́ wọn, ẹnì kejì ò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ jìn. Bí wọ́n bá háyà ọmọ iṣẹ́ kankan, kí ìwé tiwọn náà wà.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ti rí ìdáhùn gbà nípa ọjọ́ iwájú. Ẹ má gé wọn kúrò lójijì. Ẹ máa san owó ìtọ́jú oṣù mẹ́ta mẹ́ta dípò ti ọdún kan, ẹ wá sọfitíwíà mìíràn, kí ẹ sì máa lo méjèèjì pọ̀ fún ìparí oṣù méjì léraléra, tí akápò á máa fi èlé ọ̀kan wé èkejì. Bí ìparí oṣù méjèèjì bá bára mu láìsí ìyàtọ̀ kọ́bọ̀ kan, ẹ lè pa ti àtijọ́.